Ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá? Ẹ jẹ́ ká wo Dussuyer, ká wo Rohr

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2025, lẹ́yìn tí Côte d'Ivoire fi góòlù 3 sí 2 na Gabon nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfríkà ní Mòrókò, ìjọba Gabon kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ti tú ìgbìmọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ká, àwọn sì ti dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà dúró. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ni Gabon gbá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n pàdánù, wọn ò sì jẹ́ kílẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó bínú. Àwọn kan láàárín wa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ ká rọra rẹ́rìn-ín o. Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, ó sì gbà wá ní ọdún mẹ́sàn-án ká tó bọ́ nínú rẹ̀.

Ní oṣù kìíní 2010, Benin wà ní Angola fún ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfríkà. Nígbà yẹn, Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣì ń pe ẹgbẹ́ wa, orúkọ Guépards kò tíì dé. Michel Dussuyer, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, òun náà ló sì gbé wa dé ibẹ̀. A ta ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Mozambique, Nàìjíríà na wá ní 1-0, Égíptì na wá ní 2-0. Égíptì tí à ń wí yìí ló gba ife náà lọ́dún yẹn. Nígbà tí wọ́n padà délé, ní oṣù kejì, àjọ tó ń mójútó bọ́ọ̀lù nílẹ̀ wa lé Dussuyer, wọ́n sì tú ẹgbẹ́ náà ká pátápátá. Wọ́n ní àwọn agbábọ́ọ̀lù kò ní ìfẹ́ orílẹ̀-èdè lọ́kàn.

Kí ló wá tẹ̀lé e? Benin kò lọ sí ti 2012, kò lọ sí ti 2013, kò lọ sí ti 2015, kò lọ sí ti 2017. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Manuel Amoros tó gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Faransé wá, ó lọ. Oumar Tchomogo, ọmọ tiwa, gbà á, òun náà fi í sílẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, ibo ni Dussuyer wà? Gínì ló mú un. Ní oṣù kẹwàá 2011, ó ta ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Nàìjíríà ní Abuja, ọ̀mì yẹn ló ti Nàìjíríà jáde kúrò nínú ìdíje 2012. Ní 2015, ó gbé Gínì dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Nígbà tó di 2018, àwa kan náà tí a lé e la tún lọ pè é padà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 5 oṣù keje 2019, Benin fi pẹnáríti lé Mòrókò kúrò nínú ìdíje ní Cairo. Ẹni tó bá wà ní Pobẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò ní gbàgbé ariwo tó sọ.

Kì í ṣe pé Dussuyer gọ́n ní 2010 tó sì wá gbọ́n ní 2018. Ọkùnrin kan náà ni. Ohun tí à ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n lé e, kò sí ẹni kankan lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Inú ló ń bí wọn, ìbínú yẹn ni wọ́n fi ṣe ìpinnu.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí bí ìyá tó ń ta àgbàdo ṣe máa wò ó. Bí ẹni tó ń kó ẹrù wá fún un láti oko bá ń já a kulẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í sílẹ̀. Àmọ́ kò ní lé e lọ nígbà tí ọjà ku ọ̀la, nígbà tí kò tíì mọ ẹni tó máa kó òmíràn wá. Yóò kọ́kọ́ wádìí, yóò bá ẹlòmíràn dúnàádúrà, yóò sì dúró di ẹ̀yìn ọjà. Ó jọ pé àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Áfríkà kì í ná ọjà.

Àwọn aládùúgbò wa ní Nàìjíríà ti jẹ ẹ̀bá yìí ju gbogbo wa lọ. Ní 2002, Shaibu Amodu gbé Super Eagles dé ife àgbáyé, ó tún gba ipò kẹta ní ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfríkà ní Mali. Wọ́n yọ ọ́ nígbà tí ife àgbáyé kù díẹ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún Adegboye Onigbinde. Àmì 1 péré ni wọ́n rí mú bọ̀ láti ife àgbáyé. Ní 2010, Amodu yìí kan náà tún gbé wọn dé ife àgbáyé, ó tún gba ipò kẹta ní Angola. Wọ́n tún yọ ọ́. Lars Lagerbäck, ará Sweden, ni wọ́n gbà ní ìparí oṣù kejì, ife àgbáyé sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà. Ẹ ò ní gbà gbọ́: àmì 1 péré náà ni.

Èyí tó kàn wá jù ni ti Gernot Rohr. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni, ó tún jẹ́ ọmọ onílùú ilẹ̀ Faransé. Láti oṣù kẹjọ 2016 ló ti wà pẹ̀lú Super Eagles. Kò sẹ́ni tó tíì wà nípò náà láìsinmi tó o. Ó gbé wọn lọ sí ife àgbáyé 2018, ó gba ipò kẹta ní Égíptì ní 2019. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 2021, wọ́n lé e. Ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfríkà máa bẹ̀rẹ̀ ní Cameroon ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2022. Ẹ kà á: ọjọ́ 28.

Wọ́n fi Augustine Eguavoen ṣe adelé. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti kéde orúkọ José Peseiro ará Portugal, àmọ́ kò gorí àléfà. Eguavoen borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, Tunisia sì lé e kúrò ní ẹ̀kẹrin. Ní oṣù kẹta, Ghana ta ọ̀mì pẹ̀lú wọn lẹ́ẹ̀mejì, 0-0 ní Kumasi àti 1-1 ní Abuja, góòlù tí Ghana jẹ nílé wọn sì gba ife àgbáyé Qatar lọ́wọ́ wọn. Oṣù karùn-ún ni Peseiro tó wá gba iṣẹ́ gan-an, nígbà tí kò sí nǹkan ọ̀hún mọ́. FIFA tún ní kí wọ́n san owó tó lé ní 377,000 dọ́là fún Rohr nítorí àdéhùn tí wọ́n já.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ìdí tí ọjọ́ 28 fi kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ẹgbẹ́ tó wà nínú líìgì máa ń rí àwọn ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá dé lónìí, kó tó di oṣù tó ń bọ̀, ó ti mọ ẹni tó ya ọ̀lẹ àti ẹni tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dáa. Ti akọ́nimọ̀ọ́gbá orílẹ̀-èdè kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà káàkiri Yúróòpù, lọ́dọ̀ àwọn tó ń san owó oṣù wọn. Ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́dún ni FIFA ń fún un láyè láti kó wọn jọ, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ sì máa ń bá ìrìn àjò lọ. Ọdún kan akọ́nimọ̀ọ́gbá orílẹ̀-èdè, bí ẹ bá ká a jọ, kò ju oṣù méjì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pobẹ̀ níbí, ẹ mọ̀ pé ọ̀pẹ tí wọ́n gbìn lónìí kì í so kó tó tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, bó ti wù kí irúgbìn rẹ̀ dáa tó. Kò sẹ́ni tó ń hú u ní ọdún kejì nítorí pé kò tíì ní èso.

Ní oṣù kejì 2023, Benin mú Rohr. Ẹni tí Nàìjíríà jù sílẹ̀, àwa la ṣà á. Nígbà tó sì yá, inú ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n kó wa sí fún ìdíje tó máa gbé wa dé ife àgbáyé 2026.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2024, ní Abidjan, Benin na Nàìjíríà ní 2-1. Jodel Dossou àti Steve Mounié ló gbá a wọlé. Ta ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì? Finidi George, tí wọn ò tíì fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Peseiro ti lọ ní ìparí oṣù kejì, wọ́n fi àga náà sílẹ̀ títí di ọjọ́ 29 oṣù kẹrin. Lẹ́yìn tí a nà wọ́n, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Finidi fi kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, wọ́n kéde Bruno Labbadia láti Jámánì. Ní ọjọ́ 30, ọkùnrin náà ní òun ò wá mọ́. Oṣù kìíní 2025 ni wọ́n tó rí Éric Chelle.

Chelle kò pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan nínú ẹgbẹ́ náà. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe parí: Gúúsù Áfríkà ní àmì 18, Nàìjíríà ní 17, àwa náà ní 17. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ti Peseiro àti ti Finidi, àmì 3 péré ni Nàìjíríà rí nínú 12. Àmì kan ló já wọn kulẹ̀ lórí tábìlì, oṣù tí àga ṣófo sì wà lára ibi tó ti jábọ́. Nígbà tí ẹni tó mọṣẹ́ dé, oòrùn ti ń wọ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan máa bi wá pé: Côte d'Ivoire ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní oṣù kìíní 2024, Equatorial Guinea na Côte d'Ivoire ní 4-0 nílé wọn, níwájú àwọn èèyàn wọn. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Jean-Louis Gasset kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n tilẹ̀ fẹ́ yá Hervé Renard lọ́wọ́ àwọn Faransé, àwọn Faransé kọ̀. Ni wọ́n bá fi Emerse Faé síbẹ̀, ó sì gba ife náà ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, Nàìjíríà ló nà nínú àṣekágbá. Wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá láàárín ìdíje, wọ́n sì gba ife!

Àmọ́ Faé kì í ṣe àlejò. Igbákejì Gasset ni. Ó mọ orúkọ ìnagijẹ gbogbo wọn, ó mọ ẹni tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jà nínú yàrá. Bí Gasset ṣe ń jáde ni òun ń wọlé, ilẹ̀kùn ò tiẹ̀ tì. Ẹ lè sọ pé Finidi náà jẹ́ igbákejì Peseiro. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọkùnrin yẹn sínú iyèméjì fún oṣù méjì, tí orúkọ àwọn àjèjì ń jáde lójoojúmọ́. Agbábọ́ọ̀lù tó bá mọ̀ pé ẹni tó wà níwájú òun lè má sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kì í fetí sí i dáadáa. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń wo adelé nílùú.

Kí á má bàa dà bí ẹni tó ń gbá ilẹ̀ onílé tí tirẹ̀ dọ̀tí, ẹ jẹ́ ká wo ara wa. Ní oṣù kọkànlá 2021, a lọ sí Kinshasa, ọ̀mì péré ló kù ká tẹ̀ síwájú nínú ìdíje ife àgbáyé. Kóńgò nà wá ní 2-0. Dussuyer lọ, ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ nìyẹn. Ó lé ní ọdún kan kí Rohr tó dé. Moussa Latoundji, ọmọ Porto-Novo, ló ń bá wa di ibẹ̀ mú ní 2022. Senegal nà wá ní 3-1, Mozambique nà wá ní 1-0, àmì mẹ́fà lọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. A kò lọ sí Côte d'Ivoire ní 2024. A kò ní di ẹ̀bi rẹ̀ ru Latoundji, nítorí wọ́n fún un ní ọkọ̀ láìfún un ní kọ́kọ́rọ́.

Òkè òkun náà ń ṣe é, àwọn ọlọ́rọ̀ pàápàá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tiwọn, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, owó tó wà nínú rẹ̀ sì kọjá ohun tí a lè fẹnu sọ. Ní oṣù kẹwàá 2025 nìkan, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Penn State lé James Franklin, Florida lé Billy Napier, LSU lé Brian Kelly, nígbà tí sáà kò tíì parí. Owó tó kù nínú àdéhùn Kelly lé ní 50 mílíọ̀nù dọ́là. Wèrè kọ́ ni wọ́n, wọ́n ní ìdí. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ń buwọ́ lùwé yunifásítì tí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù fún. Yunifásítì tí kò bá ní akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ òfo ló máa fi padà sílé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lé èèyàn ní kùtùkùtù, kí wọ́n lè kọ́kọ́ dé ọjà. Síbẹ̀, Penn State wá èèyàn láti àárín oṣù kẹwàá títí wọ inú oṣù kejìlá.

Èyí tó dùn mọ́ wa nínú jù ni ti Ole Miss. LSU gba akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Lane Kiffin, lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ ìdíje tó tóbi jù lọ́dún. Wọn ò sunkún. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n mú Pete Golding, tó wà nínú ilé pẹ̀lú wọn, wọn ò pè é ní adelé, akọ́nimọ̀ọ́gbá pátápátá ni wọ́n fi í ṣe. Ó gbé wọn dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn.

Nǹkan tí à ń tọ́ka sí nìyí: àwọn ará ibẹ̀ ní kàlẹ́ńdà, wọ́n sì ń fi í ṣe ìpinnu. Àwa náà ní tiwa, ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Benin lọ sí Uyo gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà lókè ẹgbẹ́ náà. Nàìjíríà nà wá ní 4-0, Victor Osimhen gbá mẹ́ta wọlé. Ife àgbáyé bọ́ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà la ti ń gbọ́ ọ nídìí àkàsà àti lórí ọ̀kadà: “Ẹ lé Rohr!” Ká ní wọ́n gbọ́ ti ariwo yẹn, oṣù méjì ló kù sí ìdíje Mòrókò. Wọn ò lé e. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá, Yohan Roche gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé, a na Botswana ní 1-0. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ohun kékeré ni, ẹ gbọ́: láti ọjọ́ tí Benin ti ń lọ sí ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfríkà, a ò tíì na ẹnikẹ́ni rí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀mì ni gbogbo ti 2019 títí dé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa pẹ̀lú Mòrókò, pẹnáríti ló kó wa yọ níbẹ̀, Senegal sì nà wá lẹ́yìn náà. Kóńgò àti Senegal nà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n a jáde nínú ẹgbẹ́ náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní, àfikún àkókò ni Égíptì lò kí wọ́n tó lè nà wá ní 3-1.

A ò sọ pé Rohr kò ní àléébù. Góòlù mẹ́rin ní Uyo kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀, àwọn tó ní ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá góòlù wọlé náà kò purọ́. Bí àjọ bá rò pé ó tó gẹ́ẹ́, ẹ̀tọ́ wọn ni. Àmọ́ àsìkò rẹ̀ nìyí, nísinsìnyí tí ìdíje kan ti parí tí èyí tó kàn, ti 2027 ní Kenya, Tanzania àti Uganda, kò tíì gbóná. Bí wọ́n bá dákẹ́ báyìí, kí wọ́n má wá jí lójijì nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n ní àwọn ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá. Nínú owó tí ìjọba ń ná sórí Guépards, owó orí yín ní ọjà Pobẹ̀ àti ọjà Sakẹ́tẹ́ wà níbẹ̀, torí náà ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

Kí ẹ sì tó béèrè lọ́wọ́ àwọn ti Cotonou, ẹ̀yin alákòóso ẹgbẹ́ abúlé, ẹ bi ara yín. Nígbà fàkáǹsì, tí abúlé ń bá abúlé díje, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Wọ́n pàdánù ní ọjọ́ Àìkú, kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ajé, wọ́n ti ní kí tíṣà tó ń kọ́ wọn lọ sinmi, wọ́n ti gbé fèrè fún ẹlòmíràn tí kò mọ orúkọ ọmọ mẹ́ta nínú wọn. Tíṣà yẹn kì í gba owó, bàtà rẹ̀ ló fi ń ṣe é. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ kan kù. A bí Rohr ní oṣù kẹfà 1953, yóò pé ọdún 73 ní ọdún yìí. Bí wọ́n lé e, bí wọn ò lé e, ẹlòmíràn yóò gba ipò náà láìpẹ́. Ọmọ Benin wà tó ti gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun, ọmọ Benin wà tó ti kàwé eré ìdárayá ní INJEPS ní Porto-Novo. Ó yẹ kí àjọ sọ fún wa, ní gbangba, ta ni nínú wọn tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Rohr báyìí, tó ń wo bó ṣe ń yan ẹgbẹ́, tó sì máa lè dìde lọ́jọ́ tí àga bá ṣófo.